Ìwé Èsì Ìbò Tí Bàbá Mi Buwọ́ Lù

Leeds,
Ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá

Bàbá mi,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí yín o, mo kí Àǹtí Àlímọ̀t àbúrò yín, mo sì kí gbogbo agbo ilé wa ní Olówógbowó, títí dé orí àwọn tí ẹ kì í bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ọjà Ìdúmọ̀tà ńkọ́? Ṣé bọ́tìnnì àti síìpù ń tà, àbí àwọn aránṣọ ṣì ń wá yẹ̀ ẹ́ wò lásán, tí wọ́n á ní àwọn ń padà bọ̀?

Òtútù ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú mọ̀ yín dáadáa, torí mo ti sọ fún wọn pé bàbá mi kò fẹ́ràn kó máa sọ̀rọ̀ sínú fóònù, pé orí pépà ló ń kọ lẹ́tà sí, kó tó yà á ní fọ́tò fi ránṣẹ́. Ìyá kan ní àwọn ọmọ tòun kì í tilẹ̀ kọ nǹkan kan, pé kí n máa dúpẹ́. Mò ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n tí mo bá pè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé e. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pè ní Sátidé.

Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Àwa ọmọ Èkó mẹ́rìnlá, tí a wà káàkiri, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. À ń kó fọ́tò ìwé èsì ìbò jọ láti ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti àyíká rẹ̀, ti ìbò káńsẹ́lọ̀ tí ẹ dì lóṣù tó kọjá. A ó ka iye tó wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi sórí máàpù tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò lọ́fẹ̀ẹ́. Tí èèyàn bá tẹ àmì ibùdó kan, yóò rí iye ìbò, yóò rí fọ́tò ìwé náà gan-an, yóò sì rí orúkọ àwọn tó buwọ́ lù ú. Ibi tí iye bá ti ṣe déédéé, àmì rẹ̀ á jẹ́ àwọ̀ ewé. Ibi tí kò bá ṣe déédéé, á pupa. Ibi tí a ò bá rí ìwé rẹ̀ gbà, á jẹ́ àwọ̀ eérú.

Ohun tó dá wa dúró ni orúkọ àwọn ibùdó. “Iwájú Ilé Kàsímù.” “Ẹ̀yìn Kànga.” “Ẹ̀gbẹ́ Mọ́sáláṣí Kékeré.” Kò sí nọ́ńbà ilé, kò sí orúkọ òpópónà. Yaqub tó jẹ́ olórí wa, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó gbé ibùdó kan sínú ọ̀sà. Mo ní kí wọ́n sinmi, pé bàbá mi mọ gbogbo ibẹ̀ bó ṣe mọ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo fi orúkọ ibùdó mẹ́tàlélógún ránṣẹ́. Ẹ bá mi rìn wọ́n wò, kí ẹ sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà.

Ọmọ yín,
Mariyah


Olówógbowó,
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kọkànlá

Mariyah ọmọ mi,

Wà àlékùmù sàlámù. Lẹ́tà rẹ dé, mo sì lọ tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọ̀ Tawfiq tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Balógun. Ó bá mi sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá-ńlá bíi tàwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, torí ojú mi. Mo rẹ́rìn-ín títí tí àǹtí rẹ fi wá wò mí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ gbé ibùdó ìdìbò sínú ọ̀sà. Ṣé ẹja ló fẹ́ dìbò níbẹ̀ ni?

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rìn. Mi ò sọ ìyẹn kí o lè káàánú mi o, ẹsẹ̀ mi le ju tìrẹ lọ. Ilé Kàsímù tí ẹ ń wá, kò sí ilé níbẹ̀ mọ́ láti bí ọdún méjìlá, ilé ìtajà alájà mẹ́rin tí wọ́n ti ń ta bàtà ni. Kàsímù fúnra rẹ̀ ti kó wá sí òpópónà wa. Ṣùgbọ́n tí ọjọ́ ìbò bá pé, iwájú ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé àga sí, kò sì sẹ́ni tó ń ṣì í. Kànga tí wọ́n ní ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ti fi símẹ́ńtì bo ojú rẹ̀, obìnrin kan ló ń ta wáyà fóònù lórí rẹ̀ báyìí. Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé orí kànga lòun jókòó sí, ó ní kí n má fi ṣeré.

Mo ya gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, òpópónà kọ̀ọ̀kan, igun kọ̀ọ̀kan. Ibùdó méjìlélógún ló wà níbẹ̀. Tìwájú ilé wa, ẹ fi í sílẹ̀ ná.

O mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ìbò. Àdìjátù, ọmọ Lùkúmọ̀n ọ̀rẹ́ mi tó ti dolóògbé, òun ló jáde fún káńsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa. Tíṣà ni, ọmọ gidi ni. Èmi ni mo ṣe aṣojú rẹ̀ ní ibùdó wa, pé kí n máa ṣọ́ ìbò fún un. Kò wọlé. Bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀.

Bá mi ra jígí ìkàwé, èyí tí o rà lọ́dún tó kọjá ti ṣẹ́ lọ́rùn. Àǹtí rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá gbogbo ọkùnrin Leeds ló fọ́jú. Èmi ò sọ nǹkan kan o, òun ló ní kí n bi ọ́.

Bàbá rẹ,
Jimoh


Leeds,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kọkànlá

Bàbá mi,

Àsàlámù àlékùm. Ẹ ṣeun púpọ̀. Nígbà tí mo fi àwòrán ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà yẹn han àwọn èèyàn mi, ẹnu ya gbogbo wọn. Yaqub ní kò sí kọ̀ǹpútà tó lè ṣe é. Láàárín ọjọ́ méjì, ibùdó méjìlélógún ti bọ́ sí àyè wọn, orí mi sì wú. Mo ti ra jígí. Ẹ sọ fún Àǹtí Àlímọ̀t pé wọn ò fọ́jú, àwọn ni wọn ò wù mí.

Bàbá mi, mo fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín, ẹ má bínú. Nígbà tí ẹ ní ká fi ibùdó iwájú ilé wa sílẹ̀, mo rò pé torí mo mọ ibẹ̀ ni. Ní alẹ́ àná, ìwé èsì rẹ̀ kàn mí láti kà. Lókè ìwé náà, wọ́n kọ ọ́ pé èèyàn 128 ló dìbò. Nísàlẹ̀, Àdìjátù ní 9, ọkùnrin tó wọlé ní 327. Tí a bá ro ó pọ̀, ó jẹ́ ìbò 336 láti ọwọ́ èèyàn 128. Aṣojú mẹ́rin ló buwọ́ lù ú pé bó ṣe rí nìyẹn. Orúkọ kejì ni Jimoh Àbúdù.

Mo ní bóyá ẹlòmíràn ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ yín. Ọwọ́ tí ẹ fi ń buwọ́ lu káàdì èsì ìdánwò mi láti kíláàsì kìn-ín-ní náà ni, tí ẹ máa ń fa ìparí rẹ̀ gùn bí ẹni ń já òwú. Inú yàrá mi ni mo wà, ẹyọ èmi nìkan, síbẹ̀ mo bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń wò mí. Ojú tì mí débi pé mo pa iná.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé wọ́n fipá mú yín ni? Ṣé wọ́n fún yín ní nǹkan? Ẹ ṣáà sọ ọ́ fún mi. Máàpù yóò jáde fún gbogbo ayé ní ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀, pẹ̀lú orúkọ gbogbo ẹni tó buwọ́ lùwé.

Ọmọ yín,
Mariyah


Leeds,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá

Bàbá mi,

Àsàlámù àlékùm. Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo pè, ẹ ò gbé e. Mo pe Àǹtí Àlímọ̀t, ó ní ara yín le, pé ẹ ń lọ sọ́jà, ẹ ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kì í sọ̀rọ̀ nílé mọ́. Ó bi mí ohun tí mo kọ sí yín. Mo ní kó ṣáà bá mi kí yín.

Kò yẹ kí n béèrè bí mo ṣe béèrè. Mò ń ka gbólóhùn yẹn lákàtúnkà, “ṣé wọ́n fún yín ní nǹkan”, bíi pé ọlọ́pàá ni mí. Ẹ̀yin tí ẹ gba ẹgbẹ̀rún méjì náírà lọ́wọ́ oníbàárà, tí ẹ sáré tẹ̀lé e dé Balógun nítorí pé ẹ gbàgbé ṣéńjì rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.

Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti wá nǹkan ṣe sí i. Ọwọ́ mi ni ìwé ibùdó yẹn wà, kò sẹ́lòmíràn tó tíì kà á. Mo ti yọ fọ́tò náà kúrò, mo sì kọ síbẹ̀ pé a kò rí ìwé èsì ibùdó yìí gbà. Àwọ̀ eérú ni yóò jẹ́. Irú rẹ̀ pọ̀ lórí máàpù, ẹnikẹ́ni kò ní fura. Orúkọ yín kò sí níbì kankan.

Ẹ kàn kọ nǹkan díẹ̀ sí mi, ì báà jẹ́ ìlà kan.

Ọmọ yín,
Mariyah


Olówógbowó,
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá

Mariyah,

Wà àlékùmù sàlámù. Mo rí i lórí fóònù pé lẹ́tà kan tún ti ọ̀dọ̀ rẹ dé lánàá, ṣùgbọ́n mi ò tíì kà á. Lẹ́tà inú fóònù kéré ju ohun tí ojú mi lè kà lọ, mi ò sì tíì lè dé ọ̀dọ̀ Tawfiq. Èyí tó ṣáájú, Tawfiq ló bá mi kà á sókè, torí jígí mi tó ṣẹ́. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kà á. Ó ń kà á lọ tẹ̀ríntẹ̀rín títí ó fi dé orí ìwé èsì ìbò. Ẹni méjì dúró lẹ́yìn wa tí wọ́n fẹ́ ṣe fọ́tò páásípọ̀ọ̀tù. Nígbà tó dé “ṣé wọ́n fún yín ní nǹkan”, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó wò mí, ó sì ká ìwé náà fún mi láìkà á tán. Mo sanwó, mo jáde, mi ò mọ ọ̀nà tí mo gbà délé. Nílé ni mo ti fi ojú fífún ka ìyókù.

Ìdí tí mo fi dákẹ́ nìyẹn. Rárá, kì í ṣe ìyẹn. Mo ti dákẹ́ tipẹ́ kí o tó béèrè.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ní ọjọ́ ìbò, a kà á sókè níwájú gbogbo èèyàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àdìjátù ní mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún, ọkùnrin yẹn ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mẹ́ta bàjẹ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó ku kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ni wọ́n pe ìrun Ásárì. Àwa aṣojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àgbà ni wá, mọ́sáláṣí kan náà la ti ń kírun. O mọ̀ wá, a kì í fẹ́ pàdánù jámáà. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n fi ṣe olórí ibùdó, ọmọ tó níwà ni lójú mi, ó pọnmi àlùwàlá fún wa. Ó ní, “Daddy, ẹ kúkú sign ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ. Màá fill ẹ̀, kẹ́ ẹ má baà máa sáré padà.” Bí a ti ń ṣe é látijọ́ nìyẹn ní òpópónà wa. Tí n bá ní kó kọ ọ́ ná kí n tó buwọ́ lù ú, á dà bíi pé mo pè é lólè lójú àgbàlagbà mẹ́ta. Kàsímù buwọ́ lù ú, èmi náà buwọ́ lù ú, àwọn méjì tó kù buwọ́ lù ú. Ó ya ẹ̀dà tiwa fún wa, a ká a sínú àpò, a lọ kírun.

Nígbà tí a dé, àga nìkan ló kù níbẹ̀.

Ẹ̀dà mi wà lọ́wọ́ mi. Ìbuwọ́lùwé mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀, kò sí iye kankan. Òfìfo ni. Nígbà tí wọ́n kéde mẹ́sàn-án fún Àdìjátù, tí wọ́n sì ní àwọn aṣojú ti fọwọ́ sí i, mo ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó wá bá mi ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà gbọ́ ninety-four, àbí?” Mo ní kó jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo fi orúkọ Ọlọ́run bo ara mi lójú ọmọ ọ̀rẹ́ mi.

Ìbéèrè rẹ yẹn, wọn ò fún mi ní nǹkan kan. Omi àlùwàlá nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ wọn.

Ó ti rẹ̀ mí láti máa yẹra fún un. Lọ́túnla, lẹ́yìn Jímọ̀, mo ti pe Àdìjátù àti Kàsímù àti àwọn àgbà òpópónà wá síwájú ilé. Máàpù yín á ti jáde. Màá ní kó ṣí i lórí fóònù rẹ̀, kí gbogbo wọn rí orúkọ mi, lẹ́yìn náà ni màá sọ bó ṣe rí lẹ́nu ara mi. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí i kí n tó lanu, kí n má baà rí ọ̀nà sá.

Bàbá rẹ,
Jimoh


Olówógbowó,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejìlá

Mariyah,

Mi ò ní kí ọ lọ títí. Lẹ́tà tí mo kọ lọ́jọ́ kẹwàá ṣì wà lọ́wọ́ mi, èmi àti fóònù ò tíì mọwọ́ ara wa, òun náà ń bọ̀ pẹ̀lú èyí. Àwọn èèyàn pé lọ́jọ́ Jímọ̀, bíi mẹ́wàá. Àǹtí rẹ gbé bẹ́ǹṣì jáde. Mo dúró, mo ní mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí, mo ní kí Àdìjátù ṣí máàpù tí ọmọ mi ń bá wọn ṣe. Ó ṣí i. Ó rí òpópónà wa, ó rí ilé wa, ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó wá kà á jáde pé, “A kò rí ìwé èsì ibùdó yìí gbà.”

Kàsímù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Jimoh, ṣebí ọmọ ẹ ló wà nídìí nǹkan yìí?”  Mo ń wá ọ̀rọ̀. Mo ní ó yẹ kó wà níbẹ̀, pé ó rí i, ó kọ ọ́ sí mi. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ bó ṣe ń dún létí wọn: bàbá ba ìwé jẹ́, ọmọ bá a gbé e pamọ́, ó wá pè wá kó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Àdìjátù pa fóònù rẹ̀, ó fọwọ́ kàn mí lápá, ó ní, “Bàbá, it’s okay. Ẹ má stress ara yín.” Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò tilẹ̀ rántí fi ẹ̀dà òfìfo tó wà lápò mi hàn wọ́n.

Ìgbà yẹn ni mo wá lọ sọ́dọ̀ Tawfiq. Mo ní kó tẹ lẹ́tà rẹ jáde, kó má kà á. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí ìwé fi jáde tán. Mo mọ̀ pé àánú mi ló ń ṣe é, mo sì mọ̀ pé mo ti di ẹni tí Tawfiq ń ṣàánú.

Mariyah, mo mọ̀ pé torí mi lo ṣe é. Ìdí nìyẹn tí èébú fi kọ̀ tí kò jáde lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n gbọ́: ohun tí ọmọ tó ṣe olórí ibùdó yẹn ṣe sí ìwé wa, òun náà lo ṣe sí máàpù yín. Òun kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀, ìwọ náà kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Òun tilẹ̀ dára díẹ̀, torí àjèjì ló rẹ́ jẹ. Mo rò pé orúkọ mi ni ohun tó burú jù tó lè bà jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, àṣé ọwọ́ ọmọ mi ṣì kù.

Gbé e padà. Orúkọ mi ní kíkún, má gé e kúrú. Mo ti ya ẹ̀dà òfìfo náà ní fọ́tò, ó ń bọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ní iye, kí ẹni tó bá ṣí i rí méjèèjì. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́.

Bàbá rẹ,
Jimoh Àbúdù


Leeds,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejìlá

Bàbá mi,

Àsàlámù àlékùm. Mi ò mọ bí mo ṣe lè kí yín lónìí.

Lẹ́tà yín méjèèjì dé pọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, níbi iṣẹ́. Mo kà wọ́n nínú yàrá tí a ti ń fọ aṣọ àwọn arúgbó, mo sì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì. Mo ń rí yín níwájú ilé wa tí ẹ ń wá ọ̀rọ̀. Èmi ni mo gbé yín síbẹ̀.

Ní alẹ́, mo pe ẹgbẹ́ wa jọ lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn wọlé. Mo sọ ohun tí mo ṣe. Ohun kan tún wà tí mi ò sọ fún yín. Nígbà tí Yaqub bá mi yẹ orúkọ àwọn aṣojú tí mo ti kọ sílẹ̀ wò lóṣù tó kọjá, kí n tó yọ ìwé náà, ó rí Àbúdù, ó ní, “Ṣé ẹ jẹ́ family ni?” Mo ní rárá o, orúkọ yẹn pọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo sọ bẹ́ẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ya gbogbo àdúgbò sẹ́yìn kàlẹ́ńdà fún wọn ni mo sẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo wá sọ fún gbogbo wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé bàbá mi ni, àti pé èmi ni mo parọ́, kì í ṣe òun.

Yaqub ló dá mi lóhùn. Ó ní, “Mariyah, o mọ̀ pé a máa ní láti gba access ẹ.” Mo ní mo mọ̀. Wọ́n ti gbà á. Ìwé mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mo ti kà fún wọn láti oṣù Kẹwàá, wọ́n sì ti pín gbogbo rẹ̀ fún ẹlòmíràn láti tún kà, torí pé wọn ò lè mọ èwo ni mo tún fọwọ́ kàn. Wọn ò bú mi. Bí wọ́n ṣe ń pín in ni mò ń gbọ́: ìwọ mú mẹ́wàá, ìwọ mú mẹ́jọ. Ojú mi ò gbà á, ṣùgbọ́n mi ò lè jáde.

Wọ́n bi mí léèrè bóyá wọ́n lè gba ibùdó méjìlélógún tí ẹ̀yin yà gbọ́. Èyí ló dùn mí jù. Mo ní kí wọ́n rán èèyàn lọ wò ó. Ọ̀kan nínú wa tó wà ní Èkó, Hussainat, yóò wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e.

Yaqub ti gbé ìwé náà padà. Ó pupa báyìí. Méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹ ṣe ní kó rí, èyí tó ní iye àti èyí tó jẹ́ òfìfo, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yín nísàlẹ̀. Wọ́n tún fi ìlà kan sí i pé olùyọ̀ǹda-ara-ẹni kan ti kọ́kọ́ gbé e pamọ́, pé wọ́n ti dá a padà. Wọ́n béèrè bóyá kí àwọn kọ orúkọ mi. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́.

Ọmọ yín,
Mariyah Jimoh Àbúdù


Olówógbowó,
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kìn-ín-ní

Mariyah ọmọ mi,

Wà àlékùmù sàlámù. Jígí dé lọ́wọ́ ẹni tí o fi rán, ó bá mi lójú mu, èmi fúnra mi ni mo fi ka lẹ́tà rẹ. Mo pẹ́ kí n tó fèsì, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé mò ń sá lọ́tẹ̀ yìí. Mo fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Àdìjátù já sí ná.

Gbogbo àdúgbò ti rí i. Aránṣọ kan wá ra síìpù ní Ìdúmọ̀tà, ó wojú mi, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ Jimoh Àbúdù?” Mo ní èmi ni. Ó sanwó, ó lọ. Kàsímù kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, torí orúkọ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó ní tí mo bá fẹ́ dójú ti ara mi, kí èmi nìkan dá a ṣe. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n ìwé kan náà la jọ buwọ́ lù.

Hussainat wá. Mo bá a rìn fún ọjọ́ méjì. Mọ́kànlélógún péye. Ti Mọ́sáláṣí Kékeré, òdìkejì títì ni mo yà á sí. Mo ní kó kọ ọ́ pé mo ṣì í. Ó ní kò tó nǹkan, pé àwọn á kàn sún un. Mo ní kó kọ ọ́. Ó kọ ọ́.

Ìwọ náà, má sá fún wọn. Wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ó yẹ kí wọ́n gbà á. Máa kí wọn síbẹ̀.

Àdìjátù mú ìwé méjèèjì, ó mú ọ̀rọ̀ tí mo kọ, ó lọ fẹjọ́ sùn nílé ẹjọ́ ìbò. Wọ́n kà á, wọ́n ní ẹjọ́ rẹ̀ dára. Àmọ́ wọ́n ní ọjọ́ tí òfin fi sílẹ̀ fún pípe ẹjọ́ ti kọjá. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá ló parí. Mo ti wo ìwé tí Tawfiq tẹ̀ fún mi, ọjọ́ kẹtàlélógún ni lẹ́tà rẹ tó bi mí léèrè tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo ní. Inú yàrá ni mo jókòó sí fún ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mò ń ro bí ojú ṣe tì mí tó. Nínú ìwé tiwọn, mẹ́sàn-án ni ìbò rẹ̀, mẹ́sàn-án ni yóò sì máa jẹ́.

Nígbà tó ti ibẹ̀ dé, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ yà sí. Mo ti múra sílẹ̀ pé á bú mi, mo tilẹ̀ fẹ́ kó bú mi. Ó sọ ohun tí wọ́n sọ fún un, ó bi àǹtí rẹ bóyá mo ti jẹun. Láràárọ̀ tó bá ń lọ síléèwé rẹ̀, ó ń kúnlẹ̀ kí mi níwájú gbogbo èèyàn, bó ṣe máa ń kí bàbá rẹ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má kúnlẹ̀ fún mi mọ́. Kò gbọ́.

Bàbá rẹ,
Jimoh Àbúdù